Òṣùká ni, kì í ṣe awẹ́ obì: ìrírí mi lórí ìdí yíyọ

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń fi ọwọ́ ara mi ti ìdí mi padà sínú, tí mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ tí mo bí ò mọ̀. Àwọn tíṣà tí a jọ ń jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà ò mọ̀. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo pupa ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, ni ọ̀rọ̀ náà tó kọjá ohun tí aṣọ lè bò. Ẹni ọdún 61 ni mí. Mo ń kọ èyí nítorí ó dá mi lójú pé obìnrin kan wà níbì kan láàárọ̀ yìí tó ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́rí, tó ń ti tirẹ̀ padà, tí yóò fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí yóò sì jáde síta bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ibi tí mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ìrọbí ọmọ mi kẹrin. Ọmọ náà tóbi. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tó délé ayé, ó sì fà mí ya. Wọ́n rán an, ó jinná, mo gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìgbẹ́ mi ti ń gbẹ. Iṣẹ́ olùkọ́ tún wá dá kún un. Ṣáláńgá ilé ìwé wa nígbà náà kì í ṣe ibi tó wu ènìyàn wọ̀, nítorí náà mo máa ń dì í mú títí n ó fi délé. Kí n má baà máa wá ibi tí n ó ti tọ̀, n kì í mu omi. Tí mo bá wá délé, màá lóṣòó, màá máa fi gbogbo agbára yàgbẹ́, nígbà mìíràn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọmọ Oǹdó sì ni mí. Ní ilé wa, oúnjẹ tí kì í bá ṣe iyán, ìpanu ni. N ò fi ẹ̀sùn kan iyán o, mo ṣì ń jẹ ẹ́ títí dòní. Àìmu omi ni mo ń sọ, àti ogún ọdún tí mo fi ń bá ìgbẹ́ jà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan pupa kékeré kan ló máa ń yọ tí mo bá yàgbẹ́ tán, á sì padà fúnra rẹ̀ tí mo bá dìde. Nígbà tó yá, kì í padà àfi tí mo bá fi ọwọ́ tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di pé tí mo bá húkọ́, á yọ. Tí mo bá dúró kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún wákàtí kan, á yọ. Omi yíyọ̀ kan ń jáde lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, aṣọ abẹ́ mi kì í gbẹ. Afẹ́fẹ́ á jáde láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Bí ìgbẹ́ bá rọ̀ díẹ̀, á jò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìró méjì sínú báàgì lọ síbi gbogbo. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúrò lórí àga Ẹgbẹ́ Ìyá níwájú, mo lọ ń jókòó létí ilẹ̀kùn lẹ́yìn pátápátá. Àwọn kan ní ìgbàgbọ́ mi ti ń tutù. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó sàn fún mi ju kí wọ́n mọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Ohun tó fi ọdún mi ṣòfò jù ni orúkọ. Nílẹ̀ wa, gbogbo ohun tó bá ti ń ṣe ènìyàn nídìí, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ̀jẹ̀ ni o, kókó ni o, yíyọ ni o, jẹ̀dí ni. Mo gbà á gbọ́. Mo mu agbo jẹ̀dí lọ́dọ̀ ìyá tó ń kiri ní Arákàlẹ̀, ó ṣu mí bí omi, gbogbo ìgbà tí mo bá sì sáré lọ ṣu ni ìdí tún ń yọ. Mo ra oògùn tí wọ́n ń kì bọ ìdí ní ilé elégbòogi òyìnbó. Ọkùnrin kan tún sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí òun bá gún síbẹ̀, á rọ dànù. Mo lọ. Iná ni mo rò pé ó gún sí mi lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè jókòó, egbò sì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó yọ náà ò yé yọ.

Mo dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ní kí n dùbúlẹ̀ kí n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ̀ mí wò, kò tó ìṣẹ́jú méjì, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó kọ òróró ìpara fún mi. Mo ti ronú lórí ọjọ́ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí tó ń yọ kì í yọ nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀. Á ti wọlé lọ jókòó síbi tó yẹ kó wà. Kò ní kí n lóṣòó. Kò ní kí n tì í síta kí òun rí i. Èmi náà ò sì sọ pé, "Dókítà, ọwọ́ ni mo fi ń tì í padà." Ojú tì mí láti sọ ọ́, ojú lè ti tì í láti béèrè, àárín ojútì méjèèjì ni àìsàn náà rí ibi sá pamọ́ sí.

Bá a ṣe ń wí yìí ni ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní àkókò òjò. Kẹ́ẹ̀gì epo onílítà 25 kan dà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e nàró kó tó dà tán. Mo gbọ́ bó ṣe jáde. Kì í ṣe bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó tóbi tó ìkúùkù mi. Mo rọra rìn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo gbìyànjú láti tì í padà, kò lọ. Mo dúró díẹ̀, mo tún tì í, ó ń wú sí i ni. Ọmọ mi obìnrin àgbà, tó wá láti Èkó kí wa lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ló bá mi níbi tí mo ti fi orí gbá ògiri. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé?" Ẹnu mi ò lè gbé e. Mo kàn gbé ìró sókè, mo yí ẹ̀yìn sí i. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ." Kẹ̀kẹ́ márúwá ló gbé wa, lórí orúnkún ọmọ mi ni mo sì dojú dé títí a fi dé wọ́ọ̀dù pàjáwìrì.

Ìyá nọ́ọ̀sì kan tó ti lọ́jọ́ lórí ló kọ́kọ́ wò mí. Ó tan iná sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Mọ́mì, ta ló ní jẹ̀dí ni èyí?" Ó ní kí ọmọ mi wá ṣúgà wá. Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa ni. Ọmọ mi jáde lọ bá àwọn onítíì ẹnu ọ̀nà, ó ra ṣúgà oníhóró tó kún ife kan. Nọ́ọ̀sì fi omi fọ ibi tó yọ náà, ó da ṣúgà lé e lórí fọ̀ọ̀fọ̀ọ̀ bí ẹni tó ń wọ́n iyọ̀ sẹ́ran, ó fi aṣọ tútù bò ó. Ó ṣàlàyé fún wa pé omi ló sé mọ́ inú ẹran náà tó fi wú, ṣúgà yóò sì fa omi náà jáde. Ó tó bí ìdajì wákàtí, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń ro tó, tó, sórí rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ mi. Nígbà tí dókítà dé, ó ti sún kì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ní kí n máa mí gba ẹnu, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kò kánjú rárá, ó wọlé.

Ẹ má torí èyí lọ máa da ṣúgà sí ìdí ara yín nílé kẹ́ ẹ sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún ọmọ mi pé tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń dúdú, tàbí tí ìrora rẹ̀ bá le, ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́ nìyẹn, ìfun yẹn lè kú, iṣẹ́ abẹ òru ọjọ́ náà ló kù. Ibi tí ènìyàn ń sáré lọ ni ilé ìwòsàn.

Kí wọ́n tó tì í padà, nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ mi fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Mo kọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà, tí ẹ bá dùbúlẹ̀, kò ní yọ. Fọ́tò yìí ló máa jẹ́rìí yín." Lẹ́yìn tó wọlé tán, ó fi fọ́tò náà hàn mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n ó fi ojú ara mi rí ohun tí mo ti ń fi ọwọ́ tì láti ọdún mẹ́fà. Ó fi ìka tọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ rí i bó ṣe yípo, ìlà kan nínú ìlà kan, bí òṣùká tí ẹ fi ń ru ẹrù? Odindi ìfun ló yọ wá. Jẹ̀díjẹ̀dí kì í rí báyìí. Òun a máa wà ní kókó kókó, àlà á wà láàárín wọn láti àárín bọ̀ síta, bí awẹ́ obì." Mo ti ru ẹrù láti kékeré. Mo mọ òṣùká. Kò tún sí ẹni tó lè pè é ní nǹkan mìíràn fún mi mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọkọ mi. Mo ti rò pé yóò bínú, tàbí kó yí ojú kúrò. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́fà? Ìyá ọmọ mi, inú ilé yìí náà ni mo wà?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo fara dà, èyí ló dùn mí jù.

Wọ́n kọ lẹ́tà fún wa lọ bá oníṣẹ́ abẹ ìfun ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìlẹ́ṣà, tó gba Igbara-Òkè àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kọjá, mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà ẹni tí ìdí ń dùn. Ní ọ̀dọ̀ dókítà yìí, ohun gbogbo yàtọ̀. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi mí fún ìgbà pípẹ́: ọmọ mélòó, èwo ló ya mí, ṣé ìtọ̀ ń jò, ṣé nǹkan kan ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ara níwájú, ṣé afẹ́fẹ́ ń jáde láìròtẹ́lẹ̀. Ó wá ní kí n lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, kí n jókòó lórí àga ìgbọ̀nsẹ̀, kí n ṣe bí ẹni ń yàgbẹ́. Nọ́ọ̀sì obìnrin wà pẹ̀lú mi. Ojú tì mí débi pé mo ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó yọ, dókítà rí i, ó wò ó mọ́ fọ́tò, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ó ti tó." Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí ló sọ ohun tí ọdún mẹ́fà ò sọ.

Ó ní àwọn obìnrin ló ń ṣe jù, pàápàá lẹ́yìn ọdún 50, ó sì ń ṣe obìnrin tí kò bímọ rí náà. Ó ń ṣe ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí aràn inú bá ti bá fínra, ṣùgbọ́n ti ọmọdé sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ti wo ohun tó fà á. Ti àgbàlagbà kì í lọ fúnra rẹ̀. Ó ní bó bá ṣe ń pẹ́ tó ń yọ ló ń fa iṣan tó ń fún ẹnu ìdí pọ̀, á máa dẹ̀ bí rọ́bà ìró tó ti gbó, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ fi ń jò. Bí mo ti ń gbọ́ ọ ni mo ń ka ọdún tí mo fi dákẹ́.

Kó tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi kámẹ́rà gbọọrọ wo inú ìfun mi, nítorí ní ọjọ́ orí mi, kókó burúkú lè wà níwájú tó ń ti ìfun síta, ẹ̀jẹ̀ tó sì ń yọ lè má jẹ́ ti ìdí yíyọ nìkan. Oògùn tí wọ́n fi fọ inú mi kí wọ́n tó ṣe é burú ju àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lọ. Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo sunkún nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀ fún wa. Wọ́n lè gba ìdí fúnra rẹ̀ ṣe é láìfọwọ́ kan ikùn, kí wọ́n gé èyí tó yọ tàbí kí wọ́n ká awọ inú rẹ̀ jọ kí wọ́n rán an. Èyí dára fún arúgbó tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò lè gba oorun gígùn, ṣùgbọ́n ó máa ń tún yọ ju ti ọ̀nà kejì lọ. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n gba ikùn wọlé, kí wọ́n fa ìfun náà sókè, kí wọ́n so ó mọ́ ibi tí kò ti ní lè sọ̀ mọ́. Ó ní wọn ò ní la ikùn mi. Ihò kéékèèké mẹ́rin ni wọn yóò dá, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ní ju ìbú èékánná ọwọ́ lọ. Kámẹ́rà á gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ tínínrín á gba àwọn yòókù, ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọn yóò sì máa wò ṣiṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní iṣẹ́ abẹ kámẹ́rà.

Mo ní kó ṣàlàyé ohun tí wọn yóò so fún mi. Ó ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn fáìlì mi. Ìfun rèé, eegun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ rèé. Wọ́n á la àyè sílẹ̀ níwájú ìfun nìkan, láàárín òun àti ojú ara, wọ́n á rán àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n á fa àwọ̀n náà sókè, wọ́n á kàn án mọ́ orí eegun yẹn. Mo ní, "Dókítà, ọ̀já nìyẹn." Ó wò mí. Mo ní, "Tí ọmọ bá ń yọ̀ bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ṣebí ẹ máa gbọ́n ọn sókè, ẹ máa fi ọ̀já gbà á mọ́ra." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa fi ṣàlàyé fún àwọn ẹlòmíràn. Ó ní iwájú tí wọ́n ń gbà yìí ló mú kí ọ̀nà náà dára: àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ìfun mọ̀ pé ìgbẹ́ ti dé, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà, iṣẹ́ abẹ àtijọ́ tó ń tú ẹ̀yìn náà sì máa ń mú kí ìgbẹ́ tún gbẹ sí i. Ó ní àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Leuven, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló kọ̀wé ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní 2004.

Ọmọ mi ti lọ kà nípa àwọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù sì bà á. Ó bi dókítà pé ṣé kì í ṣe àwọ̀n yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yé tà ní 2019. Inú mi dùn pé ó béèrè, inú mi sì tún dùn pé dókítà ò gbá ìbéèrè náà dànù. Ó ní èyí tí wọ́n dá dúró níbẹ̀ ni àwọ̀n tí wọ́n ń gba ojú ara obìnrin fi sínú rẹ̀. Ikùn ni tiwa ń gbà. Ó ní síbẹ̀ òun ò ní parọ́: àwọ̀n yìí náà lè jẹ ara wọ inú ìfun tàbí ojú ara, kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀, kódà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìfun náà sì tún lè yọ. "Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tí kò yé yín lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ má sọ pé ó ti pẹ́. Ẹ padà wá." Ẹni tó sọ èyí tí kò dára fún mi ni mo fọkàn tán pẹ̀lú èyí tó dára.

Owó náà, kọ́ọ̀pù àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló yá mi lára rẹ̀, àwọn ọmọ mi sì dá ìyókù. Àwọ̀n yẹn nìkan, àwa ni a lọ rà á.

Nípa ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, kò pọ̀ tí mo lè sọ. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ oorun fún mi, mo ń ka Sáàmù kẹtàlélógún, mi ò dé ibi àfonífojì tí mo fi lọ. Ọmọ mi ló sọ fún mi pé ó lé ní wákàtí méjì. Wọ́n ti ṣàlàyé tẹ́lẹ̀ pé wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide kún ikùn mi kí àyè lè wà, wọ́n á sì dorí tábìlì kọ́ sísàlẹ̀ kí àwọn ìfun yòókù lè ṣàn síhà àyà, kí wọ́n lè rí ìsàlẹ̀. Ohun tí mi ò retí ni pé nígbà tí mo jí, èjìká ló ń dùn mí ju ikùn lọ. Mo ti fẹ́ sunkún pé kí ni wọ́n fi ṣe èjìká mi. Nọ́ọ̀sì ní afẹ́fẹ́ tó kù nínú ló ń ta sí i, kí n dìde rìn. Mo dìde lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú rọ́bà ìtọ̀ lọ́wọ́ kan, ọmọ mi lọ́wọ́ kejì. Ó rọlẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo wo ikùn mi: pílásítà mẹ́rin. Ìlà tí wọ́n là fún mi nígbà tí mo ṣiṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì ní ọmọ ọdún 30 gùn ju gbogbo wọn pa pọ̀ lọ.

Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ ni ogun. Ọjọ́ kẹta ni, mo ti padà sílé. Wọ́n ti fún mi ní oògùn oníyẹ̀ẹ̀fun tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, mo ti ń mu omi, mo ti jẹ ìbẹ́pẹ, mo ti jẹ ẹ̀wà. Síbẹ̀, nígbà tí inú kọ́kọ́ yí mi, mo dì í mú. Ara ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé apótí." Ó ti gbé apótí tí mo fi ń dáná tẹ́lẹ̀ wá síbẹ̀, ó ti nù ún. Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, orúnkún mi ga ju ìbàdí lọ, mo tẹ̀ síwájú, mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé itan, mo mí síta gba ẹnu, mi ò fi agbára kankan. Ó jáde. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń retí pé nǹkan kan á tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tó tẹ̀ lé e. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn bí mo ti máa ń ṣe láti ọdún mẹ́fà, ọwọ́ mi ò bá nǹkan kan. Mo tún fọwọ́ kàn án. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkọ mi ń béèrè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí o, mi ò lè dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní n ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Mo tẹ̀ lé e débi pé àwọn ará ọjà ń bi mí pé ṣé mo ti di olorì. Ọmọkùnrin kan ni mo ń sanwó fún tó ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì, mi ò sì tíì dá a dúró títí di ìsinsìnyí. Ìgbẹ́ tí mo ń jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀, tí kò bá wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, màá dìde, màá padà wá tí ó bá tún pè mí. Omi ti di ọ̀rẹ́ mi. Iyán mi ṣì wà, ṣùgbọ́n ilá àti ewédú ò gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà bọ̀ sípò. Yíyọ dá dúró lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n jíjò kò dá lọ́jọ́ kan. Wọ́n kọ́ mi bí n ó ṣe máa fún iṣan ìdí pọ̀ bí ẹni tó ń dì afẹ́fẹ́ mú láàárín èrò, kí n ká a dé mẹ́wàá kí n tó tú u, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mo ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ra epo lọ́wọ́ mi ò lè mọ̀. Oṣù kẹrin ni mo tó rí ìyàtọ̀ gidi. Títí di òní, tí ìgbẹ́ bá rọ̀ jù, mo ṣì máa ń fi páàdì sára. Iṣan tó ti dẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kò lè padà di tuntun pátá, èyí sì ni ohun tí n ó máa kábàámọ̀ rẹ̀: ká ní mo ti sọ̀rọ̀ ní ọdún kìíní.

Mo ti padà sí àga Ẹgbẹ́ Ìyá níwájú. Àwọn tó béèrè, mo sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo dárúkọ ìdí, mo dárúkọ ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn wo ilẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta ata ní ìsọ̀ kejì sí tèmi dúró títí ọjà fi fẹ́ tú. Ó fà mí wọ ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni wọ́n ní wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìdí fún. Ẹ bá mi wo tèmi." Mo tan iná fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ó lóṣòó, ó tì í síta. Mo wò ó dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kan jọ òṣùká lójú mi, ẹ̀gbẹ́ kejì ní àlà bí awẹ́ obì. Mo sọ òótọ́ fún un pé mi ò lè mọ̀ ọ́n, n kì í ṣe dókítà, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ wò ó níbi tó ti yọ. Mo bá a ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù tirẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni a jọ wọ ọkọ̀ Ifẹ̀, ó mú ìrọ̀rí kan dání láti fi jókòó, àti ìró méjì nínú báàgì.